Ásíìdì Kì í Ṣe Ìpara Ojú

Ní Èkó, láti Berger wọ Ìṣẹrì Olówóra, títí dé Kétu àti Mile 12, kò sí òpópónà tí ènìyàn lè rìn já tí kò ní rí ṣọ́ọ̀bù ìpara. Lórí tábìlì iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn, láàárín ọṣẹ àti ìpara, ìgò kékeré kan wà tó yẹ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n á lẹ bébà mọ́ ọn lára, wọ́n á kọ “peeling oil” síbẹ̀, tàbí “three days peel”, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ pé ó ń bó dúdú orí ìka. Ilé ìtẹ̀wé àdúgbò ló tẹ bébà náà. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Ohun tó wà nínú omi náà gan-an, wọn kò kọ ọ́. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ni wọ́n fi sí i, ẹni tí kò dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Berger rí láyé rẹ̀.

Ẹ má fi omi inú ìgò yẹn kan ojú yín. Ẹ má fi kan ojú ọmọ yín. Bí ọ̀rẹ́ bá gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, ẹ dá a padà fún un. N óò ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ẹni tí a bá kàn sọ fún pé “má ṣe” láìsọ ìdí, ẹ̀yìn wa ni yóò ti lọ ṣe é.

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní chemical peel kì í ṣe ìpara. Ọgbẹ́ ni. Dókítà á mọ̀ọ́mọ̀ fi ásíìdì dá ọgbẹ́ sí awọ ojú, ní ìwọ̀n tó ti rò dáadáa, kí awọ òkè lè bó, kí tuntun sì hù sí ipò rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú ìwọ̀n yẹn: bí ásíìdì ṣe lágbára tó, ìgbà mélòó ni wọ́n fi pa á, ìṣẹ́jú mélòó ló lò lójú, irú awọ wo ni wọ́n sì pa á sí. Ìpele awọ tó wà lókè pátápátá lójú ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ ní nínípọn. Àyè tí ẹni tó mú ásíìdì dání ní láti fi ṣiṣẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni ń bẹ iṣu ni: ọ̀bẹ tó bá jìn ju èèpo lọ, iṣu ló ń gé.

Ásíìdì náà kò sì rí bákan náà. Glycolic acid wà, salicylic acid wà, lactic acid wà, èyí tí wọ́n ń pè ní TCA náà wà. Glycolic acid kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Bí àkókò bá ti pé, ẹni tó pa á gbọ́dọ̀ fi omi tí wọ́n po sódà sí pa agbára rẹ̀; bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò máa wọlé lọ. TCA tirẹ̀ yàtọ̀. Bó bá ti kan awọ, ó ń mú kí pùrótéènì inú awọ dì, ojú á sì funfun lọ́gán. Bí funfun yẹn ṣe rí ni dókítà fi ń mọ ibi tó jìn dé. Tó bá ti wọlé, kò sóhun tí a lè fi fà á jáde. Èyí tó bá ti kọjá 35% ti ń wọnú ewu àpá, èyí tó bá sì tó 50%, àwọn oníṣègùn awọ ara kì í fi pa gbogbo ojú mọ́ nítorí àpá tó ń dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù àti owó lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì rọ ọ́ sínú ìgò kékeré.

Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú wọn pé kí wọ́n má ra irú ásíìdì wọ̀nyí láti fi pa ojú nílé láìsí oníṣègùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní ó lè jó ènìyàn, ó lè fa ìkọlù kòkòrò àrùn, ó lè ba àwọ̀ jẹ́, ó sì lè dá àpá tó ń ba ojú jẹ́. Wọ́n tún fi kún un pé àwọn kò fọwọ́ sí ìkankan rí nínú wọn. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí ìgò ti ní orúkọ ilé-iṣẹ́, tí ìwọ̀n ásíìdì sì wà lára bébà. Tiwa tí kò ní nǹkan kan lára ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sórí awọ tiwa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àwọ̀ dúdú lára wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti òyìnbó lọ. Iṣẹ́ tí tiwa ń ṣe ló pọ̀ jù. Mẹ́lánìn ni wọ́n ń pèsè tọ̀sán-tòru, ìyẹn ló sì ń dáàbò bo awọ wa lọ́wọ́ oòrùn. Bí awọ bá wá fara gbọgbẹ́, yálà ìrorẹ́ ló fà á, tàbí ẹ̀fọn, tàbí iná, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú mẹ́lánìn jáde lápọ̀jù. Gbogbo ìyá tó bá wẹ ọmọ rí mọ̀ ọ́n: ẹ̀fọn á jẹ ọmọ lálẹ́, ojú ibẹ̀ á dúdú, oṣù á sì yí poo kí ó tó parẹ́. Awọ wa kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọgbẹ́ tí ẹ̀fọn dá àti ọgbẹ́ tí a fowó rà. Ásíìdì tí a torí dúdú lọ rà ni yóò mú dúdú tuntun wá sórí ti àtijọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí ọgbẹ́ bá jìn débi tó pa sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn, ojú ibẹ̀ á funfun, ó sì lè má padà dúdú mọ́ láéláé. Mo ti rí ojú tó ní méjèèjì pa pọ̀: egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú kirikiri, ẹ̀gbẹ́ ẹnu funfun. Àwa adúláwọ̀ náà ni àpá máa ń wú lára jù, tó máa ń ga sókè, tó máa ń le, tó máa ń yún, tó sì máa ń tàn kọjá ibi tí ọgbẹ́ dé. Ẹni tí etí rẹ̀ wú nígbà tó lu ú láti fi yẹtí sí i, tàbí tí ojú abẹ rẹ̀ ga sókè, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe dókítà fi ásíìdì sún mọ́ òun. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn olùtajà yẹn tó ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ oníbàárà.

Oòrùn ló wá ń parí iṣẹ́ náà. Ẹni tí dókítà bá bó ojú rẹ̀, àṣẹ àkọ́kọ́ tó máa gbà ni pé kí ó sá fún oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó máa fi ìpara tó ń dènà oòrùn pa ojú láàárọ̀, kí ó sì tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì bó bá wà níta. Awọ tuntun yẹn kò tíì ní agbára kankan. Èwo nínú wa ló ráyè bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń gbé Olówóra, tó ń tajà ní Mile 12, á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó kúrò nídìí agbọ̀n tòmátò, abẹ́ agboòrùn tó ti ya lójú mẹ́ta ló sì wà látàárọ̀. Ọlọ́kadà kò ní agboòrùn rárá. Akọ̀wé tó wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, fèrèsé ni oòrùn ti ń bá a. Kì í sì í ṣe oòrùn tó ń ta ni lára nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ibi yìí. Ìmọ́lẹ̀ lásán tí ojú wa fi ń ríran náà ń mú awọ adúláwọ̀ dúdú sí i. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí òjò ṣú pàápàá kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

Mo mọ obìnrin kan tó ń ta tòmátò lọ́jà Mile 12. Dúdú kan wà ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kejì. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n ti dá aṣọ ẹbí, ó sì fẹ́ kí ojú òun mọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta ìpara ní òpópónà wọn ló bá a sọ ọ́.

“Àǹtí mi, ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ẹ má bomi kan ojú. Ẹ kàn máa wò ó.”

“Ṣé kò ní ta mí?”

“Á ta yín díẹ̀, mà. Bó bá ta yín, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.”

Búrọ́ọ̀ṣì ni ó fi pa á fún un, lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, nítorí pé lẹ́ẹ̀kíní kò rí i kí ojú yí padà. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí omi ojú fi ń bọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi fóònù pe olùtajà, ìyẹn ní kí ó fara dà á. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, awọ ojú ti gan, ó ti pọ́n bí ẹni fi iná yan án, kò sì lè rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ojú tuntun yọ, ó ń dán, ó pupa díẹ̀. Gbogbo ilé ló yìn ín. Wọ́n yà á ní fọ́tò, olùtajà sì gba fọ́tò yẹn, ó fi polówó ọjà. Ní ọjọ́ karùn-ún obìnrin yìí padà sídìí agbọ̀n rẹ̀ ní Mile 12.

Kí oṣù náà tó parí, ojú ti yí. Dúdú tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ imú, ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ààlà ibi tí búrọ́ọ̀ṣì dé sì hàn kedere níwájú etí. Ní ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, níbi tí omi náà ti ṣàn sí tí kò sì sẹ́ni tó nù ún, àpá gígùn kan ti ń ga sókè. Àtíkè tó nípọn ló fi lọ síbi ìgbéyàwó, kò sì dúró ya fọ́tò. Ó padà lọ bá olùtajà. Ìyẹn ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò gbà á, ó sì ta ìgò mìíràn fún un, èyí tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fọ́tò ọjọ́ kẹta ṣì wà níbi tó fi ń polówó ọjà. Ọjọ́ kẹta ni gbogbo wọn máa ń yà á. Kò sí ẹni tó ń ya ti oṣù kejì.

Nígbà tó dé ọsibítù, ìbéèrè tí dókítà awọ ara kọ́kọ́ bi í kò kan ìgò yẹn. Ó ní, “Kí ni ẹ ti ń fi para tẹ́lẹ̀?” Ìpara tí wọ́n ń pò fún un lọ́jà ni, fún ọdún mẹ́ta. Ìpara yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ ojú tó ń dé ìdí ásíìdì ní ìlú yìí ti kọ́kọ́ gba ìdí ìpara tó ń bóra kọjá.

Ní ọdún 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yétúndé Olúmìdé, àgbà oníṣègùn awọ ara, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà kọ̀wé nípa ohun tí ìpara wọ̀nyí ń dá sílẹ̀ lára àwọn tó ti lò wọ́n pẹ́. Wọ́n sọ pé ọgbẹ́ kì í tètè jinná lára wọn, pé ojú abẹ tí wọ́n ti rán máa ń ṣí padà, pé kíndìnrín ń bàjẹ́, pé kòkòrò àrùn tètè ń ráyè wọlé sí wọn lára, pé òórùn ẹja máa ń jáde lára àwọn mìíràn. Steroid tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń mú awọ fẹ́lẹ́. Ẹ wá ro ó: awọ tí ìpara ti mú fẹ́lẹ́, tí ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè san, ni wọ́n tún wá da ásíìdì lé. Ásíìdì tí ìbá dúró lókè á jìn wọlé, ọgbẹ́ tí ìbá jinná lọ́sẹ̀ kan á di oṣù kan.

Hydroquinone náà tún wà níbẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú ìpara tó ń bóra. Bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, tí ó pọ̀, tí oòrùn sì ń pa á, ó lè sọ awọ di dúdú aláwọ̀ eérú, kí ó máa rí gbágungbàgun, pàápàá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní South Africa ni oníṣègùn Findlay àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1975. Ìjọba ibẹ̀ fòfin de ìpara tó ń bóra ní 1990. Lóde ìlú wa “sunburn” ni àwọn ènìyàn ń pè é; wọ́n á ní oòrùn ló jó àwọn lójú, wọ́n á sì tún lọ ra èyí tó lágbára jù. Kò sí chemical peel tó ń mú irú dúdú yẹn kúrò ní ìrọ̀rùn, nítorí inú awọ lọ́hùn-ún ló wà. Ẹni tó bá fi ásíìdì lé e, ó ń fi ojú ara rẹ̀ ṣeré ni.

Mẹ́kúrì ńkọ́? Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe ní 2013 fòfin dè é nínú ìpara. Ìwọ̀n kan nínú mílíọ̀nù kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ààlà. Ní 2023 wọ́n tún pinnu pé bó bá fi máa di ìparí 2025, kí ó má sí nínú ìpara kankan mọ́ rárá. Ìpara tí a pò sínú ike lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́ nípa Minamata. Ní 2023 kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, olùdarí àgbà NAFDAC, kéde pé bíbóra ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nínú ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí. Iye tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kọ sílẹ̀ ní 2011 ni pé 77 nínú 100 obìnrin Nàìjíríà ló ń lo ohun tó ń bóra. Àwọn kan ń jiyàn lórí iye yẹn, kí wọ́n máa jiyàn wọn lọ. Ẹni tó bá wọ danfo láti Mile 12 dé Berger, tó wo dúdú orí ìka ọwọ́ àwọn tó nawọ́ owó ọkọ̀ síwájú, kò nílò ìṣirò.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni phenol. Ásíìdì yìí kì í dúró lójú. Awọ ni ó ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Nítorí náà ni àwọn dókítà tó ń lò ó fi máa ń so ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn mọ́ aláìsàn, tí wọ́n á sì máa pa á ní díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Fún awọ dúdú, wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí ó ń sọ ojú di funfun tí kò ní padà. Ní oṣù kẹfà 2024, ní ìlú São Paulo ní Brazil, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 27 kan wọ ilé ẹwà kan lọ kí wọ́n lè fi phenol bó ojú rẹ̀. Ẹni tó ṣe é fún un kì í ṣe dókítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kú lọ́jọ́ yẹn. Kí oṣù náà tó parí, àjọ Anvisa tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀ ti fòfin de lílo phenol fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé phenol ló wà nínú ìgò tó wà ní òpópónà yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó tà á fún yín kò lè búra pé kò sí níbẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ bí ẹni pé bíbó ojú lọ́wọ́ dókítà kò ní àǹfààní. Ó ní. Láti 1882 ni Paul Unna, oníṣègùn awọ ara ará Jámánì, ti ń kọ̀wé nípa salicylic acid, TCA àti phenol fún awọ. Ní 1999, Dókítà Pearl Grimes ní Los Angeles fi salicylic acid 20% àti 30% tọ́jú ènìyàn 25 tí awọ wọn dúdú, tó ní ìrorẹ́, dúdú ojú àti irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sunwọ̀n sí i. Ẹ wo bó ṣe ṣe é o. Ó kọ́kọ́ fi oògùn pèsè awọ wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín ìgbà kan sí èkejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ásíìdì tí kì í jìn ló sì yàn. Ìyẹn fi oṣù mélòó kan ṣe ohun tí olùtajà ìgò ní òun á fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Dókítà tó mọṣẹ́ á sì ti bi ọ́ ní ìbéèrè kó tó fọwọ́ kan ìgò. Ṣé àpá rẹ máa ń wú? Ṣé o lóyún? Ṣé ò ń gbé oògùn ìrorẹ́ alágbára mì? Ṣé egbò máa ń yọ sí ọ lẹ́nu bí ibà bá mú ọ? Kí ni ò ń fi para? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ṣé oòrùn máa ń pa ọ́? Á dán an wò níbi kékeré kan lẹ́yìn etí. Bí ẹni tó fẹ́ bó ojú rẹ kò bá bi ọ́ ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, dìde, gbé báàgì rẹ, máa lọ sílé.

Dúdú ojú fúnra rẹ̀ ní ibi tó ti ń wá, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ti ìrorẹ́ kò ní lọ níwọ̀n ìgbà tí ìrorẹ́ bá ṣì ń yọ tí a sì ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá yọ nígbà oyún, tàbí nígbà tí obìnrin ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, lè dín kù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ tàbí bí wọ́n bá yí oògùn náà padà. Kí ẹni náà bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé sọ ọ́, kí ó má kàn dá oògùn dúró. Ti ìpara, kí a dá ìpara dúró, ṣùgbọ́n lábẹ́ dókítà, nítorí steroid tí a bá já lójijì máa ń mú kí ojú ru sókè. Dúdú tó wà lókè awọ lè gba oṣù mélòó kan kí ó tó ṣí, èyí tó ti jìn lè gba ọdún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjọ́ mẹ́ta ni, irọ́ ló ń pa, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ yín.

Ìpara tó ń dènà oòrùn ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe ni láàánú pé òun gan-an ni a kì í rà. Èyí tó ní àwọ̀ bíi ti àtíkè sàn fún wa, nítorí èròjà irin tó wà nínú rẹ̀ ń dènà ìmọ́lẹ̀ lásán náà. Fìlà tàbí gèlè tó yọ síwájú ojú wúlò. Fún dókítà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà tí kò jìnnà sí Berger. Méjèèjì ní ẹ̀ka awọ ara. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ máa gbà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín, wọ́n á kọ̀wé lé yín lọ́wọ́. Ẹ máa tò lórí ìlà, mo mọ̀. Ẹ tò ó.

Ẹ̀yin tó ń tà á, mo mọ̀ pé ọjà ló jẹ́ fún yín, ilé sì ń fẹ́ owó. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló sanwó kọ́ ọ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi góòlù kọ, wọ́n ní ẹ ti di amọṣẹ́ awọ. Ìwé yẹn kò ní gbèjà yín lọ́jọ́ tí ojú oníbàárà bá jóná tí ẹbí rẹ̀ kó ọlọ́pàá wá. Ẹ ta ọṣẹ, ẹ ta òrí, ẹ ta ìpara tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ da omi inú ìgò yẹn nù.

Ẹni tó bá ti fi pa ojú ní báyìí tí ojú sì ń jó o: kí ó máa da omi tútù tó mọ́ sí i lójú fún ogún ìṣẹ́jú, kí omi máa ṣàn lọ, kí ó má ṣe wọ inú ẹyinjú. Kí ó má fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ó má fi ọṣẹ ìfọyín sí i, kí ó má fi adí tàbí epo bò ó. Bó bá léròrò, kí ó má tú u. Bí awọ bá ń bó, kí ó má fi èékánná fà á. Bí omi náà bá kan ẹyinjú, bí ojú bá wú, tàbí bí àyà bá ń já a tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kí ó lọ sí ọsibítù ní wákàtí yẹn, kí ó má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ó sì gbé ìgò náà dání, kí dókítà lè wo ohun tó wà nínú rẹ̀.